Ewéko Òkun Tí Mo Gbìn Sáàárín Tẹ̀tẹ̀

Alápòtí, lẹ́bàá Ọ̀tà.

Àtinúkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà n'Íbàdàn? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ẹsẹ̀ yín kò ní kọ o. Ara mi le, ojú nìkan ló ń tì mí, ni mo fi ní kí n kọ̀wé kí o tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ṣọ́ọ̀ṣì tó ra ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko wa ló ń gbẹ́ kànga, òkúta funfun ni wọ́n ń wú jáde, ni obìnrin kan bá wá láti yunifásítì, Dókítà Olúkẹ́mi. Bí mo ṣe gbọ́ dókítà, mo ti ká ṣòkòtò sókè kó lè wo orúnkún mi, àṣé dókítà òkúta ni. Ó ní ewéko òkun ló di òkúta yìí, pé òkun tí kò jìn ló wà níbí rí. Ó dárúkọ ọgọ́ta mílíọ̀nù. Ọdún ló ń sọ, náírà ni èmi gbọ́. Mo fi ọ̀kan nínú òkúta náà pamọ́ sábẹ́ fìlà.

Mo gbìn ín sáàárín tẹ̀tẹ̀ ìyá rẹ kó lè pọ̀ sí i, ṣebí ewéko ni wọ́n pè é. Mo tún rò ó pé omi òkun ló mọ̀, ni mo bá ń po iyọ̀ mómi, mo ń bu ú sí i láràárọ̀. Kó tó pé ọjọ́ mẹ́sàn-án, gbogbo tẹ̀tẹ̀ ti kú, òkúta wà bó ṣe wà. Ìyá rẹ kò pariwo, kò kàn bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Bí oúnjẹ bá jinná, ewúrẹ́ ló ń sọ fún pé kó pè mí.

Mo gbé òkúta padà fún Dókítà, mo jẹ́wọ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní èyí tó dára jù lòun ti ń wá yẹn. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù ẹni tó mú òkúta wá, níbi tí wọ́n ti béèrè ọjọ́ orí, mo kọ ọgọ́ta mílíọ̀nù. Ìgbà yẹn ló wá rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Wọn yóò gbé òkúta náà sínú àpótí gíláàsì ní yunifásítì, wọn yóò kọ ọ́ pé Ṣótúndé ló mú un wá. Mo ròyìn rẹ̀ nílé, ìyá rẹ ní kí ewúrẹ́ bi mí bóyá wọ́n máa kọ iyọ̀ òun náà sí i.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún irúgbìn tẹ̀tẹ̀, ìyá rẹ ni kí o fi ránṣẹ́ sí, má fi ránṣẹ́ sí mi.

Bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́, ó yọjú, ó bi mí pé ta ni mo ń kọ̀wé sí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ láti ọjọ́ mẹ́jọ nìyẹn. Ó ní kí n kí ọ.

Kí Ọlọ́run fún ọkọ rẹ ní irú sùúrù tó fún ìyá rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ṣótúndé.