Ráṣídá tàbí Bọ́sẹ̀: Ìdáhùn Mi sí Ìbéèrè Bàbá

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ìtọ́jú Màmá. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ti ń rìn dé ẹnu ọ̀nà fúnra wọn. Mo kí Bùọ̀dá Káyọ̀dé àti ìyàwó wọn. Mo kí gbogbo ará ilé wa ní Ìlàrè, àgbà àti èwe.

Ara mi le. Òtútù ibí ni kò ṣeé fẹnu sọ. Yìnyín ti bo ojú ọ̀nà láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí mo bá sì wọ aṣọ tán kí n tó lọ síbi iṣẹ́, bí ẹrù tí wọ́n dì ni mo máa ń rí. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó náà ni mo ṣì wà. Iṣẹ́ náà kò burú, àmọ́ ọjọ́ mìíràn wà tí ilẹ̀ á mọ́ tí á tún ṣú láìsí ẹnì kan tó pe orúkọ mi bó ṣe yẹ kí wọ́n pè é.

Bàbá kan wà tí mo máa ń wẹ̀ fún láràárọ̀. Họ́kì ni wọ́n fẹ́ràn láti máa wò lórí tẹlifíṣọ̀n, ti orí yìnyín, tí wọ́n ń gbá ohun dúdú pẹlẹbẹ kan káàkiri. Àwọn àti ọmọ wọn obìnrin kì í yé jiyàn lórí àwọn agbábọ́ọ̀lù méjì kan tó jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà láyé àtijọ́: ọ̀kan mọ̀ ọ́n gbá ju gbogbo ayé lọ àmọ́ kò pẹ́ nídìí ẹ̀, èkejì kò tó o àmọ́ ó gbá a títí orí rẹ̀ fi ń hewú. Mo sọ fún wọn pé àwa náà ń gbá họ́kì nílé, orí koríko, àti pé aṣọ́lé ni mí. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní ṣé òótọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an lẹ pè mí, tẹ́ ẹ ní àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa àtijọ́ ti tún pápá ìṣeré ṣe, wọ́n sì fẹ́ fi orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tẹ́ ẹ kọ́ ní họ́kì sọ ọ́. Ẹ ní wọ́n ti dín in kù sí ẹni méjì, pé ọwọ́ yín ni ìpinnu kù sí. Ẹ wá ní kí n sọ tèmi, torí pé èmi ni mo dúró lẹ́yìn àwọn méjèèjì nínú gólì.

Mi ò lè dáhùn lórí fóònù. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Ráṣídá ni kí n kọ́kọ́ sọ. Ẹ ò ní gbàgbé bẹ́ ẹ ṣe lọ bá bàbá rẹ̀ tó jẹ́ àáfáà nílé wọn lẹ́yìn Ẹnuwá lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n tó gbà pé kí ọmọ wọn máa gbá họ́kì, pẹ̀lú ṣòkòtò gígùn àti ìborí. Ọmọ kúkúrú yẹn! Tí bọ́ọ̀lù bá ti kan ọ̀pá rẹ̀, ṣe ló dà bíi pé àwọn tó kù ń rìn nínú omi. Nígbà tá a bá àwọn ará Iléṣà gbá a, ó gba bọ́ọ̀lù láàárín pápá, ó gbá a kọjá lára ẹni mẹ́rin, ó dúró kí ìkarùn-ún dé kó lè gbá a kọjá lára òun náà, ó wá tì í sínú gólì jẹ́jẹ́. Ọjọ́ yẹn, mi ò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe, mo bá jókòó sílẹ̀ nínú gólì. Rẹfirí wá bi mí bóyá ara mi ò yá ni. Ọdún méjì péré ló gbá a. Látìgbà náà títí dòní, mi ò tíì rí irú rẹ̀.

Bọ́sẹ̀ ní tirẹ̀, ẹnikẹ́ni ò wá síbi ìdíje torí kí ó lè wò ó. Iwájú mi gan-an ló máa ń dúró, gíga bí òpó, tí á máa sọ̀rọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin: Fọlákẹ́, ọ̀tún ẹ, Fọlákẹ́, má jáde, Fọlákẹ́, dìde, kò tíì tán. Ó gbá a fún ilé ẹ̀kọ́, ó gbá a fún ìpínlẹ̀, ó bímọ, ó padà, ó gbá a títí ọmọ tó bí yẹn fi wọ inú ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Títí di báyìí, tó bá kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀ ní káńsù, ó ṣì ń lọ kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní gbogbo Sátidé. Mo mọ̀ pé ẹ mọ gbogbo ìyẹn.

Èyí tẹ́ ò mọ̀ ló kù.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta ká lọ gbá àṣekágbá ní Òṣogbo, lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti kúrò ní pápá, Ráṣídá ṣubú. Orúnkún rẹ̀ wú. Ó bẹ èmi àti Bọ́sẹ̀ pé ká má sọ fún yín. Bọ́sẹ̀ ní rárá, pé a gbọ́dọ̀ sọ. Èmi ni mo padà lọ bá Bọ́sẹ̀ lọ́jọ́ kejì, tí mo parọ́ fún un pé wíwú náà ti rọlẹ̀, pé Ráṣídá ti ń sáré. Mo fẹ́ gba ife yẹn ju ohunkóhun lọ. Èmi ni mo fi báńdéèjì wé orúnkún náà láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje. Ṣòkòtò gígùn yẹn ni kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí i.

Ẹ̀yin náà rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ráṣídá gbá gólì méjì wọlé kí a tó lọ sinmi. Nígbà tá a padà sórí pápá, orúnkún náà yẹ̀. Bọ́sẹ̀ pọ̀n ọ́n sẹ́yìn jáde, ó sì padà wá dúró níwájú mi. Wọ́n gbá ọ̀kan wọlé sí wa. Èyí tó kù, ara Bọ́sẹ̀ ló fi ń gbà á, tí itan rẹ̀ fi dúdú. A gba ife, Ráṣídá ò sì gbá họ́kì mọ́ láyé rẹ̀. Nígbà tá a ń bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ẹ bi wá bóyá ẹnì kan mọ nǹkan kan. Gbogbo wa dákẹ́. Ẹ wá ní ojú yín ló yẹ kó rí i, odindi ọdún kan lẹ ò sì fi kọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo pe Ráṣídá ní Ẹdúnàbọ̀n, níbi tó ti ń ta ọ̀dà àti páànù lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Mo ní mo fẹ́ sọ ọ́ fún yín. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ká ní mo sọ ọ́ nígbà yẹn ni, òun ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Pé ní báyìí tójò bá ti ń ṣú, tí orúnkún náà ń dun òun, òun máa ń rò pé ì bá dáa ká ní mo sọ ọ́. Ó ní kẹ́ ẹ fi orúkọ Bọ́sẹ̀ sọ pápá náà.

Mo wá pe Bọ́sẹ̀, mo jẹ́wọ́ irọ́ tí mo pa fún un. Ó ní òun ti mọ̀. Ó ní òun rí bí Ráṣídá ṣe gun bọ́ọ̀sì láàárọ̀ yẹn, òun náà sì fẹ́ ife. Ó ní ní gbogbo ọdún tóun fi gbá họ́kì, òun ò ṣe ohun tí Ráṣídá fi ẹsẹ̀ kan ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn rí, torí náà, kẹ́ ẹ fún Ráṣídá.

Bàbá mi, tó bá jẹ́ ìdíje kan ṣoṣo ló kù tí mo máa gbá láyé, Ráṣídá ni màá mú, mi ò ní ronú lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ pápá kì í ṣe fún ọjọ́ kan. Àwọn ọmọ á máa lọ síbẹ̀ nínú oòrùn, nígbà tí kò sí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni Bọ́sẹ̀ ò fi sílẹ̀ rí. Ẹ fi orúkọ Bọ́sẹ̀ sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó kéde rẹ̀, ẹ lọ sí Ẹdúnàbọ̀n fúnra yín, ẹ jókòó ti Ráṣídá, ẹ sọ fún un pé òun ni ẹ rí tó mọ̀ ọ́n gbá jù. Ẹnu yín ló ti yẹ kó gbọ́ ọ.

Ẹ sì dárí jì mí. Ojú yín kò fọ́ lọ́jọ́ náà, Bàbá. Èmi ni mo bò ó mọ́ yín lójú.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí fún wa, kí Ó fún Màmá lókun, kí ayọ̀ má kúrò nínú ilé wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ẹni tó bá béèrè mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Fọlákẹ́