Àgádágodo Pupa Ara Súìṣì Ẹ̀yìnkùlé

Dáàdì mi àtàtà,

Orúnkún Màámi ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló fa gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Wọn kò lè gun àtẹ̀gùn ilé wa ní àdúgbò Third Ward mọ́, àfi kí wọ́n máa sùn nísàlẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ló sì wà nísàlẹ̀, yàrá iṣẹ́ yín lẹ́yìn kíṣínì, èyí tí kò ní iná láti ọjọ́ tí ẹ ti pa súìṣì rẹ̀ lára ògiri ẹ̀yìnkùlé, tí ẹ fi àgádágodo pupa yín tì í. Ẹ mọ ooru Houston. Bí iná kò bá padà sí yàrá náà kí ẹ̀rọ amúlétutù lè ṣiṣẹ́, ìlú Katy ni Màámi ń lọ, lọ́dọ̀ Délé àbúrò mi, wọn kò sì fẹ́ lọ. Wọ́n ní ní Katy, bí èèyàn bá fẹ́ ra iyọ̀, àfi kó fi mọ́tò gba òpópónà freeway.

Mo ń rántí bí ẹ ṣe máa ń múra iṣẹ́ nígbà tí ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ní ọkọ̀ ojú irin oníná padà. Ẹ fẹ́ràn láti máa sọ fún wa pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wà níbí rí, kí wọ́n tó hú irin rẹ̀ kúrò nítorí mọ́tò, tipẹ́tipẹ́ kí ẹ tó wá kàwé. Nígbà tí wọ́n tún fẹ́ tò ó, ẹ wà lára àwọn ẹnjiníà iná tí wọ́n kọ́kọ́ gbà. Àwọn ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ jáde yunifásítì ti wà nídìí epo rọ̀bì ní Westchase, wọ́n ń wọ táì. Ẹ̀yin ń wọ bàtà onírin àti ẹ̀wù tó ń tàn yanran, ẹ gbé kúlà oúnjẹ lọ́wọ́. Wọ́n máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì: “Ẹnjiníà wáyà, ìgbà wo lẹ máa sọ̀ kalẹ̀ lórí òpó?” Ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní, “Ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ délé ná. Go-slow ń retí yín lórí freeway.”

Ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ mú wa wọ ọkọ̀ náà, gbogbo èèyàn ń wo ìlú, ẹ̀yin ń wo òkè. Ẹ ní kí n wo wáyà dáadáa. Lójú mi, ó tọ́ bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà. Ẹ ṣàlàyé pé kò tọ́, pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ nà án kó yà díẹ̀ sọ́tùn-ún, kó tún yà sósì, láti òpó dé òpó. Apá irin tó wà lórí ọkọ̀ ní èédú líle lórí, èédú náà ló sì ń fara kan wáyà láti gba iná. Bí wáyà bá tọ́ gbọnrangandan, ojú kan náà ni yóò máa ha títí yóò fi gé èédú náà sí méjì. Ẹ wá jẹ́ kó máa rìn lọ rìn bọ̀, kí gbogbo ara èédú lè jọ pín ìyà náà. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe láyé?

Ṣùgbọ́n òfin àgádágodo ni ẹ fi tọ́ wa jù. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan wáyà, wọ́n á pa iná, olúkúlùkù òṣìṣẹ́ á sì fi àgádágodo tirẹ̀ ti súìṣì náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé èèyàn wà lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má tan iná. Kọ́kọ́rọ́ kì í kúrò lára ẹni tó ni ín, ẹlòmíràn kò sì gbọdọ̀ ṣí i, ìbáà jẹ́ ọ̀gá. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ ó pe orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ó gbọ́ ohùn gbogbo wọn kí iná tó padà. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ máa ń pe orúkọ wa nínú mọ́tò bí a bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ máa ń pe Màámi náà, tí wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, àfi kí wọ́n dáhùn. Ṣé ẹnì kan ń pe orúkọ yín lọ́hùn-ún?

Ẹ rí i pé wáyà inú ògiri yàrá iṣẹ́ yín ti gbó. Ẹ pa iná, ẹ ti súìṣì, ẹ so káàdì mọ́ ọn. Kí ẹ tó kó irinṣẹ́ jáde ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín, ẹ kò sì padà wá láti ọsibítù. Nígbà tí a ń múra yín fún ìsìnkú, Màámi mú kọ́kọ́rọ́ náà, wọ́n tì í bọ àpò kóòtù yín. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ sọ pé kò gbọdọ̀ kúrò lára ẹni tó ni ín. Ta ni ì bá bá wọn jiyàn?

Ní Sátidé tó kọjá, mo fi àgádágodo tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín, mo yọ wáyà tó gbó, mo fi tuntun sí i, mo yẹ gbogbo rẹ̀ wò, mo sì ṣí tèmi. Tiyín ló kù. Délé gbé kátà tí wọ́n fi ń gé irin dé, ó bá Màámi níwájú súìṣì pẹ̀lú ọ̀pá wọn.

“Mummy, àgádágodo lásán ni now.”

“Bó bá jẹ́ lásán ni, kí lo gbé kátà gìrìwò yẹn ti Katy bọ̀ ṣe?”

“Ẹ ò lè máa sùn nínú ooru.”

“Ta ló ní mo fẹ́ sùn nínú ooru? Mo ní bàbá yín ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ṣé o ò lè kàwé ni? Ka káàdì yẹn.”

Délé kà á. Ìkọ̀wé yín ni: èèyàn wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ má tan án. Ó gbé kátà náà sílẹ̀.

Mo wá ṣàlàyé apá òfin náà tí Màámi kò mọ̀. Nígbà míì, òṣìṣẹ́ a máa gbàgbé, a lọ sílé, àgádágodo rẹ̀ a wà níbẹ̀. A lè gé e, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ẹni náà níbi iṣẹ́, ká pè é, ká rí i dájú pé kò sí níbẹ̀. Bí a bá sì gé e tán, a gbọ́dọ̀ sọ fún un kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́ pé iná ti wà lára wáyà, kó má baà fọwọ́ kàn án, kó kú.

Màámi kọjú sí àwa méjèèjì. “Ṣé ẹ ti wá wọn?”

“Mummy…” ni Délé bẹ̀rẹ̀.

“Mo bi yín ni. Ṣé ẹ ti wá wọn?”

A kò tíì wá yín. Wọ́n di apá mi mú, a jọ wọ yàrá náà. Wọ́n wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wọ́n wo abẹ́ tábìlì iṣẹ́ yín. Wọ́n wá dúró láàárín yàrá, wọ́n pè yín, “Ẹnjiníà,” ní ohùn tí wọ́n fi máa ń pè yín wá jẹun. Wọ́n dúró. Wọ́n tún pè yín. Wọ́n fi etí ìró nu ojú, a jáde, wọ́n sì kúrò níwájú súìṣì.

“Wọn ò sí níbẹ̀,” ni wọ́n sọ fún Délé. “Gé e.”

Màámi ti ń sùn níbẹ̀ báyìí. Wọ́n ní òtútù ẹ̀rọ náà pọ̀ jù, wọ́n ń da bùláńkẹ́ẹ̀tì bora, wọn kò sì jẹ́ kí n dín in kù.

Èmi ni wọ́n ní kí n sọ fún yín, torí èmi ni ẹnjiníà. Iṣẹ́ yín ti parí, Dáàdì. A ti gé àgádágodo yín. Iná ti wà lára wáyà yàrá ẹ̀yìn kíṣínì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́.

Èmi ni, àkọ́bí yín, pẹ̀lú ìfẹ́.