Ọyẹ́ Dé sí Yàrá Màmá

Aminullah,

Má pa ẹ̀rọ amúlétutù yàrá Màmá o! Mo mọ̀ pé ìwọ lo ń sanwó iná, àmọ́ gbọ́ mi ná. Láàárọ̀ yìí, mo bá wọn tí wọ́n da ìborùn bora. Wọ́n ní ọyẹ́ ti dé, pé Bàbá á ti máa bọ̀ láti oko Rore. Ojú wọn ń dán bíi ti ìyàwó ọ̀ṣìngín. Mi ò lè sọ fún wọn pé ooru ló wà níta, pé a ti sin Bàbá lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn.

Bí iná mítà bá tán kí n tó ti Àjàṣẹ́ dé, máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wọn. Má jẹ́ kí ọyẹ́ lọ kí Bàbá tó dé.

Ẹ̀gbọ́n ẹ,
Jàrátù