Tiransísítọ̀ Kan Tó Kù

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Ampilifáyà, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, ti mọ́ṣáláṣí Èbúté Èrò ni ọ̀gá mi, Bàbá Kúdí, gbé lé mi lọ́wọ́ láàárọ̀, iṣẹ́ oníbàárà àkọ́kọ́ tí mo máa dá ṣe. Ọ̀la ni Jímọ̀.

Tiransísítọ̀ kan ló jóná nínú rẹ̀. Mo yọ méjì lára rédíò àlòkù, kí n má baà ra tuntun. Mo fi òjé jó èkíní mọ́ ọn bí ti àtijọ́ ṣe wà. Mo tan iná. Èéfín!

Ọ̀gá ò tilẹ̀ dìde. "Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní. Ṣé o wò ó èwo ni èwo?"

"Wọ́n jọra, sà."

"Ìbejì náà jọra. Ṣé ìyàwó kan náà ni wọ́n ń fẹ́?"

Mo mú mítà tí a fi ń wọn iná. Ẹsẹ̀ kan dà bí ọwọ́ ẹ̀rọ omi: iná kékeré tó bá gba ibẹ̀ ló ń ṣí ọ̀nà fún iná ńlá láàárín ẹsẹ̀ méjì yòókù. Lára ti àtijọ́, àárín ni ẹsẹ̀ yẹn wà. Lára èyí tí mo fi sí i, ẹ̀gbẹ́ ni. Mo ti ti iná ńlá gba ọ̀nà kékeré.

Ó ku ẹyọ kan. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó jó o.

Mo tan iná, mo gbé maikirofóònù sẹ́nu. "Hàló," ni mo wí.

Ìyá Rísí, aládùúgbò wa, pariwo láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì: "A ti gbọ́! Dákẹ́ jàre!"

Mo fi àtàǹpàkò lé tiransísítọ̀ náà, mo ka ọ̀ọ́dúnrún. Kò gbóná. Ọ̀gá ní kí n mú ọwọ́ kúrò. Mo tún ka ọgọ́rùn-ún.

Lọ́la, orí ìlà ìrun ní mọ́ṣáláṣí náà ni màá wà. Bó bá ń gbóná, ọwọ́ mi ò ní tó o.