Ilẹ̀kùn Ìyá Rẹ Tí N Kò Kàn

Ilé Kẹta, Àdúgbò Ras el-Kef,
Aïn Tellidj,
Algeria.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Èrèlé, ọdún 2019.

Nouari, ọ̀rẹ́ mi àtàtà, ọmọ ìyá mi tí kì í ṣe inú kan náà ló bí wa,

Mo kí ọ kú òtútù Lyon lókè òkun, mo kí ọ kú ìrìn àjò ayé, mo sì kí ọ kú àìsùn nítorí ìyá. Fatiha ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbígbẹ̀yìn tí o ní ó ti ń gun kẹ̀kẹ́? Ara tèmi le, àfi orúnkún tí kò fẹ́ rí àtẹ̀gùn sójú mọ́. Hadda ìyàwó mi náà wà. Ó ń kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti tó ọjọ́ mẹ́wàá tí kò bá mi sọ̀rọ̀ ju "oúnjẹ ti délẹ̀" lọ. Wàá mọ ìdí rẹ̀ kí o tó ka ìwé yìí tán.

Kí àyà rẹ má baà já, ohun tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ni pé ìyá rẹ wà láàyè, ó sì ń gbádùn sí i. Lánàá, ó jókòó fúnra rẹ̀, ó mu ọbẹ̀ gbígbóná, ó sì ní iyọ̀ rẹ̀ kò tó. Àmọ́ nígbà tí o pè mí lórí fóònù tí o ń sunkún, tí o ní èmi ni mo fún ọ ní ìyá rẹ padà, o rò pé ìdùnnú ni kò jẹ́ kí n lè fèsì. Kì í ṣe ìdùnnú, Nouari. Ìtìjú ni. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo wọ ilé ìwẹ̀ lọ, mo sì jókòó síbẹ̀ títí Hadda fi wá ń pè mí. Ohun tí ẹnu mi kò lè sọ lọ́jọ́ náà ni mo ń fi ọwọ́ kọ yìí. Jọ̀wọ́, kà á dópin kí o tó bínú.

Lọ́dún tó kọjá, ìdílé kan ní ìsàlẹ̀ ìlú sùn ti hítà gáàsì wọn, wọn kò sì jí mọ́. Bàbá, ìyá, ọmọ méjì. Èéfín tí kò ní òórùn ló pa wọ́n. Ìdí nìyẹn tí ìjọba ìbílẹ̀ fi sọ lọ́dún yìí pé àwọn kò ní pín ìwé ìkìlọ̀ nìkan kí àwọn sì káwọ́ gbera. Wọ́n ní kí aṣojú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kọ̀ọ̀kan wọ inú yàrá gbogbo ẹni tó ń gbé ibẹ̀, kó wo hítà, kó wo páìpù èéfín, kí onílé sì fọwọ́ sí ìwé pé wọ́n wá. Àwọn panápaná kọ́ wa ní odindi ọjọ́ kan. Wọ́n ní kí a ṣá ìṣáná, kí a fi iná rẹ̀ sún mọ́ ẹnu páìpù. Bí iná náà bá tẹ̀ sínú, ọ̀nà èéfín là. Bó bá ń padà bọ̀ síta, nǹkan ti dí i. Kò ju ìṣáná kan lọ fún ilé kan.

Ní ilé tiwa, èmi ni aṣojú. Ilé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà níbẹ̀, bí o ti mọ̀, mẹ́ta mẹ́ta lórí àjà márààrún. Nínú àwọn mẹ́ta òkè pátápátá, méjì ti wà ní títì láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìyá rẹ nìkan ló kù níbẹ̀. Mo ṣe iṣẹ́ náà dáadáa, n kò purọ́. Mo bá páìpù kan tó ti là lórí àjà kejì, mo sì dúró lórí onílé títí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ ti ní aṣojú tó bá kọ́kọ́ parí yóò bá alága sọ̀rọ̀ lórí rédíò ìlú ní aago mẹ́rin ọ̀sán Ọjọ́rú. Aago mẹ́ta lù bá mi lórí àjà kẹrin, lẹ́nu ọ̀nà Zoubida, opó tó ń gbé ní abẹ́ ìyá rẹ gan-an. Ó ku àtẹ̀gùn kan péré.

Mo gbé ẹsẹ̀ lé àkọ́kọ́, mo sì dúró. O mọ ìyá rẹ. Ẹni tó bá wọlé rẹ̀ yóò mu kọfí, yóò jẹ búrẹ́dì kesra, yóò wo àwòrán rẹ láti ìgbà tí o ti wà ní ìkókó, yóò sì jíhìn nípa gbogbo ará ilé ìyàwó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò ní kúrò níbẹ̀ kí aago mẹ́rin tó lù. Orúnkún ń dùn mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò ní sá sẹ́yìn rẹ̀. Rédíò ni mo fẹ́. Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé, kò sì sẹ́ni tó pè mí rí pé kí n wá sọ̀rọ̀ kí ìlú gbọ́.

Mo fi ìwé náà ti ògiri. Mo kọ ọ́ síwájú orúkọ ìyá rẹ pé a ti wò ó, ó dára. Mo bá a fọwọ́ sí i. Nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n bó bá ń kọ̀wé, mo mọ̀ọ́mọ̀ gbọn ọwọ́ tèmi kí ó lè jọ tirẹ̀. Èmi tí mo máa ń na àwọn ọmọ tó bá fi ọwọ́ bàbá wọn kọ ìwé èké wá sílé ẹ̀kọ́.

Lórí rédíò, mo gbé ohùn sókè, mo ní, "Ní ilé tiwa, kò sí ilẹ̀kùn tí a kò kàn." Alága bọ̀ mí lọ́wọ́. Nígbà tí mo délé, àwọn ènìyàn ń kí mi láti ojú fèrèsé.

Mo sọ fún ara mi pé màá gòkè lọ wò ó lọ́jọ́ kejì. Òru yẹn ni yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, kò sì dáwọ́ dúró títí di àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì. Ìjọba ìbílẹ̀ ń kéde pé kí àwọn èèyàn jókòó sílé, kí a da iyọ̀ sẹ́nu ọ̀nà kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀, kí a sì máa bojú wo àwọn àgbàlagbà tó ń dá gbé. Mo da iyọ̀. Mo wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n fún àwa aṣojú, mo da iyọ̀ níbi tí gbogbo ayé ti lè rí mi. N kò gòkè.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì náà ni Zoubida kan ilẹ̀kùn mi. Kí n kúkú jẹ́wọ́ pé n kò fẹ́ràn rẹ̀ rí. Láti ìgbà tó ti kó dé láti oko, tó ń fọ irun àgùntàn lórí àtẹ̀gùn, bí ẹní ń bá ọmọ iléèwé wí ni mo ṣe máa ń bá a sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú kọ́kọ́rọ́ òkè tó wà lọ́wọ́ yín. Mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ Màmá láti àárọ̀."

Mo ní òtútù ni, arúgbó ń sùn. Ó ní láti ọdún mẹ́rin tí òun ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kò sí ọjọ́ tí òun kì í gbọ́ ọ kó dìde kírun Àsùbá. Inú bí mi. Mo wọlé, mo mú ẹ̀dà ìwé náà jáde, mo nà án sí i lójú. Mo ní, "Wo ibí yìí. Èmi fúnra mi ni mo yẹ hítà rẹ̀ wò ní Ọjọ́rú. Ọwọ́ rẹ̀ nìyí."

Nouari, irọ́ tí mo pa ni mo pè wá jẹ́rìí. Zoubida kò mọ̀wé púpọ̀. Ó wo ìwé náà, ó wo ojú mi.

Ó ní, "Tíṣà, ìwé kì í mí. Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

Mo ní ó di ẹ̀yìn ìrun Jímọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi, ó káwọ́ mọ́ orúnkún. A wà bẹ́ẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí, títí Hadda fi jáde láti ilé ìdáná tó bi mí pé kí ni mo ń fi pamọ́ sókè ilé olóòótọ́ èèyàn. Ìgbà yẹn ni mo tó mú kọ́kọ́rọ́. Dókítà sọ lẹ́yìn náà pé nínú irú ọ̀ràn báyìí, ìṣẹ́jú ni wọ́n ń kà, kì í ṣe wákàtí. Ìdajì wákàtí yẹn, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ.

Ilé náà gbóná bí ilé ìwẹ̀ gbogbogbò. Ìyá rẹ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ awọ àgùntàn tó fi ń kírun, ojú rẹ̀ pọ́n bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jó tán níbi ìgbéyàwó. Zoubida fi ìkòkò fọ́ fèrèsé, ó pa hítà. Mo gbé ìyá rẹ pọ̀n, mo gbé e sọ̀ kalẹ̀ láti òkè délẹ̀, n kò tilẹ̀ rántí pé mo ní orúnkún. Nígbà tí gbogbo èèyàn fi máa yọjú, èmi ni wọ́n rí pẹ̀lú arúgbó lẹ́yìn nínú yìnyín. Àwọn panápaná gòkè, wọ́n sì fa ìtẹ́ ẹyẹlé kan jáde nínú páìpù rẹ̀, koríko àti ìyẹ́, ó gùn tó apá mi. Ìṣáná kan péré ni ì bá fi í hàn.

Bí mo ṣe di akọni nìyẹn. Wọ́n ya àwòrán mi sínú ìwé ìròyìn. Ìjọba ìbílẹ̀ ní àwọn yóò fún mi ní ìwé ẹ̀rí ní ọjọ́ Ajé kan tí wọ́n dá. O fi ẹ̀wù òtútù ránṣẹ́ sí mi. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Zoubida, òun náà kò sì sọ̀rọ̀ ìwé tí mo nà sí i fún ẹnikẹ́ni.

Ó ṣeé ṣe kí n dákẹ́ títí dòní, Nouari, kí n má tàn ọ́. Ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu ìyá rẹ ni kò jẹ́ kó ṣeé ṣe. Èéfín náà ti ba ìrántí rẹ̀ jẹ́ díẹ̀. Ó ń wá orúkọ ṣíbí, nígbà mìíràn ó ń fi orúkọ bàbá rẹ pè mí. Dókítà ń bi í ní ohun tó ṣe ní ọ̀sẹ̀ náà, kó lè mọ ibi tí ọkàn rẹ̀ dé. Ó rántí aṣọ tó lẹ̀. Ó rántí pé òun gbọ́ ohùn mi lórí rédíò. Omi wá bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí dókítà jáde, ó di ọwọ́ mi mú.

Ó ní, "Khier ọmọ mi, má bínú. Wọ́n ní o wá wo hítà mi, mi ò sì rántí rárá. Ṣé mo tiẹ̀ fún ọ ní kọfí?"

Ǹjẹ́ o mọ èsì tí mo fọ̀? Mo ní, "Ẹ fún mi, Màmá. Ó dùn."

Mo délé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Hadda. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Kí orúkọ tìrẹ má baà bàjẹ́ lo ṣe ń ba orí ìyá oníyàá jẹ́." Láti ìgbà náà ni "oúnjẹ ti délẹ̀" ti bẹ̀rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo padà sí ilé ìwòsàn, mo jókòó tì í, mo sì sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó gbọ́ títí mo fi parí.

Ó ní, "O ò wá?"

"Mi ò wá, Màmá."

"Mi ò po kọfí?"

"Ẹ ò po kọfí kankan."

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Alihamudulilahi. Orí mi ṣì pé." Ó rẹ́rìn-ín, Nouari. Inú rẹ̀ dùn. Ká ní ó gbá mi létí ni, ì bá sàn fún mi. Lẹ́yìn náà, ó yíjú sí ògiri, ó ní kí n má sọ fún ọ, nítorí o máa ń bínú bíi ti bàbá rẹ. Ó ní kí n máa lọ, ó ti rẹ òun.

Nígbà tí ọjọ́ Ajé náà pé, mo dúró nínú gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀, mo sì sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Ẹnìkan húkọ́. Alága rọra dá ìwé ẹ̀rí náà padà sórí tábìlì, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀. Mo ní Zoubida ló gba ẹ̀mí náà là. Wọ́n wò yíká kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n rí i pé wọn kò pè é. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, aṣojú mẹ́ta láti ilé mìíràn ti yọ́ lọ gba ìwé àyẹ̀wò tuntun. Ní báyìí, Zoubida ló ń lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà ní ilé tiwa, Hadda sì ń bá a kọ̀wé. Kọ́kọ́rọ́ ìyá rẹ wà lọ́wọ́ Zoubida títí wàá fi sọ ibi tó yẹ kó wà. Ẹ̀wù tí o fi ránṣẹ́ ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀, n kò wọ̀ ọ́. Bí mo bá ń gba àtẹ̀gùn kọjá, ẹnìkan á máa sọ lẹ́yìn mi pé, "Kò sí ilẹ̀kùn tí a kò kàn." N kì í wẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni, ó yẹ kí n máa gbọ́ ọ.

Dókítà ní ọ̀rọ̀ yóò máa padà sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lè máà gbádùn tán. Má pè mí láti sọ pé o dárí jì mí. Òun ni kí o máa pè, ní ìrọ̀lẹ́, kí o sì ní sùúrù bó bá ń wá ọ̀rọ̀.

Bá mi kí Fatiha, bá mi kí àwọn ọmọ, bá mi kí gbogbo ará ilé wa tó wà ní Lyon tó bá ṣì fẹ́ gbọ́ orúkọ mi. O ní ìgbà ìrúwé lo máa wá. Màá wà ní ibùdókọ̀ láti pàdé rẹ bí ti àtẹ̀yìnwá. Bí o kò bá fẹ́ rí mi níbẹ̀, sọ fún ìyá rẹ, yóò sọ fún mi, màá sì jókòó sílé.

Èmi ni, tìrẹ, bí o bá ṣì fẹ́ bẹ́ẹ̀,
Khier.