Omi Tó Hó Láìsí Iná

Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Èmi Rísíkátù ni mò ń kọ ọ́. Bàbá mi ló ń sọ ọ́, nítorí ẹ̀rù ò jẹ́ kí wọ́n lè jókòó jẹ́ẹ́.

Ìyàwó mi fẹ́ ṣe ọṣẹ, mo gba ike sódà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Rísì, sódà lẹ máa dà sínú omi o. Ẹ má da omi lé sódà."

Mo ní, "Ṣé ọmọ àgbẹ̀ lo fẹ́ kọ́ ní ọṣẹ? Orí eérú ni ìyá mi máa ń da omi sí l'Ógbómọ̀ṣọ́."

Mo da omi lé e. Kò sí iná níbẹ̀, síbẹ̀ omi náà hó yéè, ó ta sí ìyàwó mi lójú kan.

Igbe yẹn...

A fi omi ṣan ojú náà títí. Mo fẹsẹ̀ kan ike, ó gbóná bí ìkòkò orí ààrò. Sódà ò gbóná tẹ́lẹ̀, omi ò gbóná. Níbo ni ooru yẹn sá pamọ́ sí?

Nílé ìwòsàn, dókítà di ojú náà. Ó ní ó dọ̀la ká tó mọ̀ bóyá á ríran. Bí kò bá ríran ńkọ́? Rísíkátù, kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo jẹ̀bi.

Ìtẹ̀ka Bàbá nìyí.

Ẹlẹ́rìí: Mùíbì, aládùúgbò wa, àti Ṣìfáwù, ìyàwó Bàbá fúnra rẹ̀, tó ní, "Ẹ mú bírò wá, ojú kan ṣì ń ríran."