Ìwé Iwin Tí Ewé Rẹ̀ Kò Pé

Ẹ̀yìn Tẹ́ṣàn, Ìfọ̀.
Ọjọ́ Àtìní, 8 Ọ́kítóbà, 1956.

Tàjùdéèn àkọ́bí mi, mo kí ọ, mo kí ìyàwó, mo kí iṣẹ́ rélùwéè. Èkó tó gbà ọ́ kò ní tì ọ́ jáde, irin tí ò ń lù kò ní ta sí ọ lójú, láṣẹ Ọlọ́run. Àwa náà wà, ara wa le, ọkàn wa nìkan ni kò balẹ̀.

Ìwé tí o fi rán Bádéjọ tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin sí àbúrò rẹ Hàfísátù ló fa ọ̀rọ̀ náà. Láti ìgbà tó ti dé, bí a bá ti kírun Àsárì tán, gbogbo wa a jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, Hàfísátù a máa kà á, a ó máa gbọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ọ̀ṣunníkẹ́ ni, ó lọ pọnmi, odò là, àwọn iwin mú un wọlé. Tàjù, ìwé náà dára. Sùwéébátù ará ilé wa gbé ẹ̀kọ kaná, ó ń gbọ́ ìwé, ẹ̀kọ jóná mọ́ ìkòkò, kò dìde. Mo ti ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Ìbàfò pé kó wá gbọ́ ọ, pé bí kò bá gbọ́ ọ kó má pe ara rẹ̀ ní ẹni tó mọ nǹkan kan láyé. Èyí tí kò yé mi ni àwòrán iwin ẹlẹ́sẹ̀ kan tó wà níwájú ìwé. Ta ló gbé kámẹ́rà lọ bá a tí iwin náà fi gbà láti dúró jẹ́ẹ́? Bàbá rẹ tó jẹ́ ènìyàn, nígbà tí wọ́n ya òun, ó ṣẹ́jú. Bí a bá fẹ́ jẹun, mo máa ń da ojú ìwé náà bolẹ̀ kó má baà máa wo ẹnu àwọn ọmọ.

Ní Àlàmísì tó kọjá ni Hàfísátù kà á dé òpin. Ọba iwin búra pé ilé èyíkéyìí tí wọ́n bá ti mú ọmọ tó ń ka ìwé òun fún ọkọ kó tó parí ìwé mẹ́fà nílé ẹ̀kọ́, òun yóò gba inú kànga ilé náà jáde. Bàbá rẹ dìde lójú ẹsẹ̀, ó fi páànù bo kànga wa, ó gbé odó lé e. Omi tẹ́ṣàn la ń pọn láti ọjọ́ náà.

Ọjọ́ Jímọ̀ yìí ni Yésúfù oníṣòwò obì tó wà ní Mowé fẹ́ wá mú Hàfísátù lọ. Ó wá lánàá, bàbá rẹ ní kó ní sùúrù, iwin kò fẹ́. Yésúfù rẹ́rìn-ín, ó ní láti ìgbà wo ni iwin ti mọ ìyàtọ̀ láàárín ìwé márùn-ún àti ìwé mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ náà dun bàbá rẹ. Ó ní tíṣà Hàfísátù kò ṣe é bi, tíṣà náà wà lára àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ọmọ parí ilé ẹ̀kọ́, Tàjù nìkan ni yóò là á. Bádéjọ ń gbé ìwé náà bọ̀ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Kà á, kí o fèsì kó tó di Jímọ̀. Bí ìbúra náà bá wà níbẹ̀, Hàfísátù yóò parí ìwé mẹ́fà rẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, bí a bá ti kírun tán, Mowé yá. Kí o sì wá ẹni tó kọ ìwé náà kàn, Èkó ló ń gbé, ẹ̀yìn ìwé sọ bẹ́ẹ̀. Bi í pé òun tó lọ sọ́dọ̀ àwọn iwin tó sì bọ̀, ṣé páànù ń dá iwin dúró?

Bùrọ̀dá mi, èmi Hàfísátù tí mo ń bá Màámi kọ lẹ́tà ni mo ń bá yín sọ̀rọ̀ níbí. Màámi lọ ṣe àlùwàlá. Ẹ má wá ìbúra kankan, kò sí níbẹ̀. Ewé méjì tó kẹ́yìn ti ya kí ìwé náà tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀ṣunníkẹ́ ṣì dúró lábẹ́ odò, ọwọ́ rẹ̀ wà lára ìlẹ̀kùn, n kò mọ̀ bóyá ó jáde. Àárọ̀ Àlàmísì yẹn ni Bàámi dá ọjọ́ fún Yésúfù. Nígbà tí mo dé ibi tó ya, gbogbo wọn ń wò mí lẹ́nu, mo bá ń wo páálí ẹ̀yìn ìwé, mo ń kà á lọ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀. Bó ṣe rọrùn tó ló ń bà mí lẹ́rù. Gbogbo ènìyàn ni mo ń bínú sí báyìí, mo sì bínú sí ara mi jù, torí Bàámi máa ń jí lọ wo odó yẹn bóyá ó ti yẹ̀. Yésúfù kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ìwé márùn-ún ni mo wà, n kò tíì fẹ́ dúró. Ẹ bá mi ka ìwé náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tí Ọ̀ṣunníkẹ́ ti ń bá ẹja afọ́jú jiyàn, ibẹ̀ ló dùn jù, n kò tíì ka irú rẹ̀ rí. N kò lè ní kí ẹ purọ́. N kò sì lè ní kí ẹ má purọ́. Màámi ń bọ̀.

Tàjù, kí n má gbàgbé, epo àtùpà ti tán, fi ṣílè méjì rán Bádéjọ. Bí o bá rí ìwé mìíràn, fi kún un, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ èyí tí iwin inú rẹ̀ kò ní mọ ilé wa.

Bùrọ̀dá, Màámi ní kí n ka lẹ́tà sétí òun. Mo kà á, mo fo ibi tí mo fò. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní ọ̀rọ̀ tí òun sọ kò tó báyìí, báwo ni yíǹkì ṣe pọ̀ tó yìí. Ó dá a padà fún mi. Ó wá ní kí n kọ eléyìí, kí n má fo ọ̀rọ̀ kan:

Tàjùdéèn, nígbà tí wọ́n ń mú mi bọ̀ nílé bàbá rẹ, kò sí ẹni tó ka ìwé kankan sí bàbá mi létí. Ohun tó wà nínú lẹ́tà yìí tí èmi kò sọ, èmi ni mo sọ ọ́. Kí Ọlọ́run fi èsì tó dára sí ọ lọ́wọ́ kó tó di Jímọ̀, kí ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ tìrẹ náà rí ẹni gbè wọ́n. Àmín.

Èmi ìyá rẹ, Ròkíátù. Ìka mi nìyí, mo tẹ̀ ẹ́ síbi tí yíǹkì ti pọ̀ jù.